Màmá Ìfọ̀ Tó Mọ Ọwọ́ Àwọn Tó Fín Eyín Erin

Àwọn èèyàn ṣì ń wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú géètì wa ní Mówè, ó fi láílọ́ọ̀nù dúdú há abíyá, ó ní òun ń wá ìyá tó máa ń fọwọ́ pa eyín erin lára tó sì máa ń mọ ẹni tó fín in. Mo sọ fún un pé màmá ti kú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?" Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pa jẹnẹrétọ̀ láì fọwọ́ jó? Mo ní rárá, sà. Ó gun ọ̀kadà ẹ̀ padà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ẹ̀ kí n tó máa gbàgbé. Ẹ má retí pé màá ka ọdún tí wọ́n bí i, ilé ìwé tó lọ àti oyè tó jẹ fún yín. Kò lọ ilé ìwé, kò joyè. Èmi tí mo lọ sí poli, mo sá kúrò níbẹ̀ kí poli tó lé mi jáde. Torí náà, bí ìwé yìí bá rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́.

Màmá Ìfọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló bí ìyá tó bí mi. Ìfọ̀ ni wọ́n bí i sí, nílé àwọn tó ń fín igi àti eyín erin láyé àtijọ́, nígbà tí ìjọba ò tíì máa mú èèyàn torí eyín erin. Àwọn ọkùnrin ilé ló ń mú ọ̀bẹ. Àwọn ọmọbìnrin ló ń fi ewé ìpín dán an bí ọ̀bẹ bá ti kúrò lára ẹ̀. Ìpín yìí, ewé ni lóòótọ́, àmọ́ ó ń họ èèyàn lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Bí màmá ṣe lo ìgbà èwe ẹ̀ nìyẹn, ìpín lọ́wọ́ kan, iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sára iṣẹ́ nígbà náà. Oníṣẹ́ á kú, iṣẹ́ á kù, àwọn ọmọ á wá máa jà lórí ta ló ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń fọwọ́ pa iṣẹ́ èèyàn láràárọ̀, á mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe ń mọ ìrìn ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè kẹ́ ẹ tó rójú ẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé nǹkan wá fún un, á kọ́kọ́ fi omi lásán fọ ọwọ́, kò ní lo ọṣẹ. Á dijú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ni, inú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fìka kàn, ibi tó máa ń kan ara. Ìgbà tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn ló máa tó yí i sí ìta tí ọnà wà. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọnà ò sí. Ó ní, "Jàmíù, ìta ni oníṣẹ́ ń ṣe fún ẹni tó máa wò ó. Inú ló ń ṣe fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Inú ni wàá ti mọ̀ ọ́n."

Ohun kejì ni pé kì í dárúkọ. Ó lè mọ ẹni tó ṣe é dájú, àmọ́ kò ní sọ pé lágbájá ni. Oríkì oníṣẹ́ náà ló máa kì. Ọmọ tó bá gbọ́ oríkì bàbá ẹ̀, á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, àlejò ò sì ní rí nǹkan kan mú lọ. Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó wọ bàtà tó ń dán ju ojú mi lọ, ó gbé fèrè eyín erin kan dání. Ó fẹ́ kí màmá dárúkọ ẹni tó fín in, torí òyìnbó kan ní òun máa rà á bí òun bá mọ orúkọ. Màmá dá a padà fún un láì tíì dijú rárá. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, orúkọ lásán ni mò ń béèrè." Màmá ní, "Kò sí orúkọ tó jẹ́ lásán. Orúkọ baba olóòótọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọjà lọ́rùn."

Ẹ má wá rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni o. Ìjà òun àti ìyá mi nílé ìdáná, tí mo bá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀, bírò á gbẹ. Ìyá mi ra ìkòkò kan, irú èyí tí inú ẹ̀ dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Màmá rí i, ó rò pé ó ti jóná. Ó já ìpín lẹ́yìn ilé, ó jókòó tì í, ó sì fi ìpín ha gbogbo dúdú inú ìkòkò náà kúrò títí ó fi funfun bí eyín. Nígbà tí ìyá mi dé, ó pariwo, "Yéè! Màmá, ẹ ti ba ìkòkò mi jẹ́!" Màmá ò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Ó ní, "Ìkòkò tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n fọ òun, kì í ṣe ìkòkò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Lẹ́yìn tí mo fi poli sílẹ̀, ọgbọ́n pọ̀ lórí mi, kò síbi tó máa lọ. Mo gba egungun màlúù lọ́wọ́ alápatà kan ní Ìbàfò, mo fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gbẹ́ ẹ títí ó fi jọ obìnrin tó kúnlẹ̀, tàbí ewúrẹ́ tó jókòó, ó dá lórí ibi tẹ́ ẹ bá ti wò ó. Mo rẹ ẹ́ sínú tíì tó ki, mo rì í mọ́ eérú, mo fi epo pupa pa á lára kó lè dàgbà. Mo wá gbé e fún màmá, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní Ajúwọ̀n ló rí i nínú àpótí bàbá bàbá ẹ̀.

Màmá fọ ọwọ́, ó dijú, ó ń fọwọ́ pa á. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo ti ń rí ara mi pé mo ti di oníṣẹ́ ọnà.

Ó ní, "Mo mọ ọwọ́ yìí."

"Háà, Màmá! Ta ni?"

"Ojú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé ọrùn, ó ti ń wo fóònù. Nígbà tó dé ẹsẹ̀, ó ti lọ jẹun." Ó lajú. "Ẹni tó ṣe èyí, ó lọ sí poli, kò parí ẹ̀."

Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín títí àwo fi ṣubú. Màmá gbé ewúrẹ́ náà sórí tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Bí àlejò bá wá, á ní, "Ọmọ ọmọ mi ló ṣe é. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, kò tíì jinná."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Kúdí ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Àǹtí Kúdí pàdé Táyé ní Àgbàdo, nítòsí ojú irin, wọ́n sì fẹ́ fẹ́ ara wọn. Kò síṣòro títí di ọjọ́ tí a béèrè ilé tí Táyé ti wá. Bàbá Mùráínà, àbúrò màmá tó ń gbé ní Ìbàfò, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, gbé ife omi tó fẹ́ mu kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ọmọ Àkànmú? Nínú ilé yìí? Láéláé."

Bí ìtàn náà ṣe rí nìyí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa. Ìdílé kan gbé eyín erin wá fún Àyìndé, bàbá màmá, pé kó fi ṣe ẹ̀gbà. Àyìndé gbé e fún Àkànmú, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Eyín náà di àwátì. Àyìndé ní Àkànmú ló jí i. Wọ́n lé Àkànmú kúrò ní Ìfọ̀, ó kó lọ sí Àgbàdo, orúkọ olè ló sì gbé wọ sàréè. Láti ìgbà náà, ilé wa kì í fẹ́ ilé wọn.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, kí Àǹtí Kúdí sunkún ẹ̀ tán. Àmọ́ Bàbá Mùráínà fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí àgbàlá wa ní Ìfọ̀, àwọn lébìrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wó yàrá Àyìndé. Inú ògiri ni wọ́n ti rí i, tí wọ́n fi aṣọ wé e, tí wọ́n sì rẹ́ ẹ pa: ẹ̀gbà ọwọ́ kan, eyín erin. Àwọn lébìrà pariwo, gbogbo àdúgbò gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Àgbàdo.

Bàbá Táyé pè wá lórí fóònù. Ó ní eyín tí wọ́n sọ pé bàbá òun jí nìyẹn, bàbá òun ti ṣe é tán, ó ti gbé e fún Àyìndé, Àyìndé ló gbé e pamọ́. Bàbá Mùráínà ní irọ́ ni, eyín mìíràn ni, bàbá àwọn fúnra ẹ̀ ló fín in. Ta ló máa là á? Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láyé tó ti fi ìpín dán iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kí màmá fọwọ́ kan án: bó bá jẹ́ ọwọ́ Àkànmú ni, kí Kúdí fẹ́ Táyé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ Àyìndé ni, kí wọ́n gbàgbé ara wọn. Bàbá Mùráínà yára gbà. Ó dá a lójú pé ẹ̀gbọ́n òun ò ní wó ilé bàbá ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí a fi dúró de ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, kí Ọlọ́run má ṣe irú ẹ̀ mọ́. Bàbá Mùráínà fẹ́ gbé ẹ̀gbà náà wá kí màmá yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Màmá kọ̀. Ó ń fi òrí pa àwọn ìka ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kì í fọ abọ́, kì í fọwọ́ kan ata. Mo rí i tó dijú nídìí tábìlì tó ń fọwọ́ wá etí ife, tí kò tètè rí i. Ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí. Àwọn ìka náà ti darúgbó. Àbí kò ní lè mọ̀ ọ́n mọ́ ni?

Àǹtí Kúdí kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ ṣáà sọ pé ọwọ́ Àkànmú ni."

"O ti rí ẹ̀gbà náà?"

"Rárá, Mà."

"Èmi náà ò tíì rí i. Kí lo wá ń kọ́ mi?"

"Màmá, ayé mi ni o!"

Màmá fọwọ́ kan án lórí. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ mọ ohunkóhun ṣáájú nìyẹn. Bí mo bá mọ̀ ọ́n lónìí, omijé ẹ á ti rà á lọ́wọ́ mi kó tó di Sọ́ńdè."

Bàbá Mùráínà náà wá. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ fún mi ní àìmọye ìgbà pé ẹ̀gbẹ́ màmá wa lẹ fẹ́ kí wọ́n sin yín sí, ní àgbàlá Ìfọ̀. Mo ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Àmọ́ ẹni tó bá sọ bàbá wa di òpùrọ́ lójú àlejò, kò ní sùn nínú àgbàlá ẹ̀." Mo rò pé màmá máa bínú. Màmá tó ń bínú sí ìkòkò. Ó kàn ní, "Mo gbọ́, Mùráínà. Kí wọ́n bu omi fún ẹ?"

Sọ́ńdè dé. A ti jókòó pé, àwọn ará Àgbàdo ò dé. Mọ́tò àwọn tó ń ti ìsìn ní Káàm̀pù bọ̀ ti dí gbogbo ọ̀nà. Bàbá Mùráínà ń wo aago, ó ní ẹni tó bá jàre ẹjọ́ kì í pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, òógùn ti bo bàbá Táyé, arúgbó kan tí ojú ẹ̀ jọ ti ẹni tó ti ń tọrọ gáfárà látìgbà tí wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n gbé fún mi ni kí n mú táwẹ̀lì dání. Àǹtí Kúdí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó bẹ fáànù pé kó má yí, àmọ́ iná lọ, ó dákẹ́.

Màmá fọ ọwọ́. Bàbá Mùráínà tú aṣọ, ó gbé ẹ̀gbà náà lé e lọ́wọ́. Màmá dijú. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú ẹ̀, ó yí i po, ó tún yí i po. Ó gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò tíì ṣe ìyẹn rí lójú mi. Ìgbà náà ló tó wá bọ́ sí ìta ẹ̀, ó ń tọ ìlà ọnà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì, ohùn ẹ̀ ò ròkè:

"Ọmọ ọlọ́bẹ tí í jẹ lára erin láì wọgbó,
ọmọ a-gbẹ́-igi-má-jẹ̀ẹ́-igi-ó-sunkún..."

Bàbá Mùráínà ń mi orí. Àmọ́ màmá ò tíì sọ ti ẹnì kankan, gbogbo oníṣẹ́ ọ̀bẹ ìgbà yẹn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ a-fín-ìta-tán-kó-tó-dán-inú,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí í ro ti ọrùn ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí..."

Ó lajú, àbúrò ẹ̀ ló sì ń wò. Bàbá Mùráínà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ilé tí wọ́n ti bí yín." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀bẹ̀. Màmá ò gbójú kúrò lára ẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé kì í dárúkọ, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó pè é bí ẹni tó ń pe ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Àkànmú. O kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ ti dé."

Bàbá Táyé bọ́ fìlà, ó fi bojú, èjìká ẹ̀ ń mì. Àǹtí Kúdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Bàbá Mùráínà dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pa bàbá wa lẹ́ẹ̀kejì yìí." Màmá fi ẹ̀gbà náà lé bàbá Táyé lọ́wọ́, ó nu ọwọ́ ẹ̀ sí táwẹ̀lì tí mo mú dání, kó tó dá a lóhùn. "Bàbá wa ti kú, Mùráínà. Èmi ló kù tó máa kú, mi ò sì lè gbé irọ́ lọ kí i."

Bàbá Mùráínà ò wá sílé wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò wá síbi yìgì Àǹtí Kúdí. Ẹ̀bùn ló fi rán èèyàn, kò fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Mo bi màmá lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ló dé tí bàbá ẹ̀ fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣé owú ni, àbí ìbẹ̀rù? Àti pé báwo ni màmá fúnra ẹ̀ ò ṣe mọ̀ látìgbà náà? Ó ní ìpín òun ò kan ẹ̀gbà yẹn rí, Àkànmú fúnra ẹ̀ ló dán an. Ó wá kan ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ni mo mọ̀, Jàmíù. Mi ò mọ ọkàn. Bàbá mi gbé mi pọ̀n, ó sì ṣe èyí. Ẹnì kan náà ni."

Màmá kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó mu ògì ẹ̀. Ìyá mi pe Bàbá Mùráínà. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì pa fóònù. Kò sọ̀rọ̀ Ìfọ̀, a ò sì béèrè. Itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí ní Mówè níbí la gbé e lọ.

Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé obìnrin sínú sàréè, ọkùnrin tó sún mọ́ ọn jù ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti gbà á. Àwọn ọmọkùnrin màmá ti ṣáájú ẹ̀ lọ. Àlùfáà wo gbogbo wa, ó ní, "Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin dà?" Gbogbo wa ti rí mọ́tò Bàbá Mùráínà tó dúró sójú títì, tí gíláàsì ẹ̀ wà ní pípa dé.

Mo bọ́ bàtà. Èmi tí mi ò parí nǹkan kan rí, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Táyé náà bọ́ bàtà, ó ní ọkọ ọmọ ọmọ lòun, ẹ̀tọ́ òun ni, ó wọlé tì mí. Bí a ṣe wà nínú ilẹ̀ nìyẹn, àtọmọdọ́mọ Àyìndé àti ọmọ ọmọ Àkànmú, a na ọwọ́ sókè, wọ́n ti ń gbé e bọ̀, nígbà tí mo gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó dé. Erùpẹ̀ já bọ́ sí mi lójú. Mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Mùráínà ní etí sàréè, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, kò wo ẹnikẹ́ni àfi Táyé.

Ó ní, "Ọmọ Àkànmú, sún sápá ẹsẹ̀. Apá orí lèmi máa dì mú. Orí kunkun ni, ẹ̀yin ò lè gbé e."